Fìtílà Tí Agbọ́másọ Fi Pamọ́

Agbọ́másọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Ahun ni. Kì í ṣe ahun owó o, owó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ ni kò lè fún ẹnikẹ́ni, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gé ẹran ara rẹ̀.

Kànga ló ń gbẹ́. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ó fẹ́ wọ kànga àtijọ́ kan, ni agbẹ́kànga mìíràn bá fà á láṣọ. "Ìwọ, ṣé ayé sú ọ ni? Fi okùn sọ fìtílà kalẹ̀ ná. Bó bá kú, afẹ́fẹ́ burúkú ń bẹ nísàlẹ̀." Wọ́n sọ fìtílà kalẹ̀, ó kú. Ọkùnrin yẹn kò gba kọ́bọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Agbọ́másọ wá di ọ̀gá. Bí àwọn agbẹ́kànga bá ṣèpàdé, tí kálukú ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí, á na etí bíi ti ehoro. Bó bá kàn án láti sọ̀rọ̀, á ní inú ń run òun. Bó bá sì fẹ́ sọ fìtílà sínú kànga, á kọ́kọ́ rán àwọn ọmọ iṣẹ́ níṣẹ́ ọ̀nà jíjìn. Kí wọ́n tó dé, fìtílà ti wọ àpò.

Ọmọ rẹ̀, géńdé tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, wà lára àwọn ọmọ iṣẹ́ náà.

"Bàbá wọn," ìyàwó Agbọ́másọ bẹ̀ ẹ́, "ohun tó o ń fi pamọ́ yẹn, kọ́ ọmọ yìí."

"Ẹnu ọmọ yẹn kò ní ìlẹ̀kùn. Bí gbogbo wọn bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò tún pè mí?"

"Ṣé ó di ọjọ́ tó o bá kú?"

"Bu oúnjẹ wá, jàre."

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ẹ̀yìn ríro dá Agbọ́másọ dùbúlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, wọ́n ní ká wá ṣí kànga kan tó ti wà ní bíbò tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ dé ètè bàbá. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó gbé e mì. "Ẹ dúró dè mí."

"Nítorí kí ni, Bàbá? Òùngbẹ ń gbẹ àwọn èèyàn."

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró!"

Kò sọ ìdí. Wọ́n lọ ṣí kànga náà.

Igbe ló kọ́kọ́ padà wálé. Ọmọ iṣẹ́ kan ní, "Ọ̀gá, ọmọ yín wọ kànga náà, a pè é, kò dáhùn. Ẹnìkejì wọ inú rẹ̀ láti gbé e, òun náà kú síbẹ̀."

"Ṣé fìtílà ò kú lójú yín ni?"

"Fìtílà wo, Ọ̀gá?"

Ìyàwó Agbọ́másọ yíjú wò ó. Kò sunkún. Ó di ẹrù, ó kó lọ bá ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yìn Agbọ́másọ san. Ṣùgbọ́n agbẹ́kànga kì í dá sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn ní í di okùn mú lókè. Gbogbo ẹni tó bẹ̀ ló ní inú ń run òun. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọn ò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Kò sẹ́ni tó dá ìmọ̀ bí. Ọwọ́ ẹlòmíràn la ti gbà á, ẹni tó bá gbà á tí kò fúnni, olè ni. Ọlọ́gbọ́n kan kò ta kókó omi sétí aṣọ. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó yẹ ni o. Ọ̀pọ̀ wa yóò gbọ́ ìtàn yìí, a ó mi orí, a ó sì lọ tún tiwa tì mọ́ àpótí.