Wáyà Ńlá Tí Làsísì Fà Nílé Ìlagi

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹni tí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òun gan-an la kọ ọ́ fún.

1.

Ní ọdún 1957, Làsísì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni oníwáyà ilé ìlagi kan ní Orègùn. Òun ló ń tọ́jú iná àti tẹlifóònù wọn, òun náà ló ń dúró nídìí súìṣì tó ń gbé iná fún ayùn tí wọ́n fi ń la igi. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò, níbi tó ti ń fa wáyà láti orí òpó gíga wá sínú ẹ̀rọ. Kò sí ọjọ́ tí kì í fi ìyẹn yangàn.

Ayùn ńlá wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, yàrá súìṣì wà ní ìpẹ̀kun kejì, tẹlifóònù ló sì so wọ́n pọ̀. Òfin wọn ni pé bí ẹnikẹ́ni bá wọ abẹ́ ayùn láti tún un ṣe, súìṣì kò gbọdọ̀ tàn títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi jáde, tí yóò pè, tí Làsísì yóò sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Suara ló sábà máa ń wọ abẹ́ ayùn yìí. Àbúrò Fàúsát, ìyàwó Làsísì, ni. Làsísì ló mú un wá síbi iṣẹ́ náà.

2.

Nígbà tí eku jẹ wáyà tẹlifóònù, Bàbá Àlàmú, tó fa ti tẹ́lẹ̀, gbé òmíràn wá: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí okùn.

Làsísì bú sẹ́rìn-ín. "Baba, ṣé irun lẹ fẹ́ fi dì?"

Ó gbé ìdì wáyà kan kalẹ̀, èyí tó kó wá láti ilé iṣẹ́ rédíò. Ó tóbi tó àtàǹpàkò. Bàbà kan ṣoṣo wà láàrin, rọ́bà yí i ká, àwọ̀n bàbà sì wé rọ́bà náà. "Èyí ni wáyà ọkùnrin!"

"Wáyà rédíò nìyẹn, ó dára nídìí rédíò," ni Bàbá Àlàmú wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wáyà iná lo fẹ́ fà á gbà. Méjì tí a lọ́ mọ́ra yìí, bí ariwo iná bá ṣe kan ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kan èkejì, tẹlifóònù á sì pa á rẹ́. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Á máa kùn."

"Baba, ẹ ò dé ibi tí mo dé."

"Ó dáa. Mo ti sọ tèmi."

Làsísì fa wáyà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé rédíò, ó so àwọ̀n bàbà náà mọ́ irin tó rì sínú ilẹ̀, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Kò mọ̀ pé ìyẹn tún fi kún ariwo.

3.

Bí wọ́n ṣe gbé tẹlifóònù sétí, hùùùù ló ń ṣe. Ohùn èèyàn rì sínú rẹ̀ pátápátá.

"Ẹ̀gbọ́n," Suara pariwo, "oyin lẹ kó sínú fóònù yìí o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú ti Làsísì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó lè pe Bàbá Àlàmú padà. Kò pè é.

"Kí lẹ fẹ́ máa sọ?" ó dáhùn. "Tí ẹ bá ti parí, ẹ ṣáà yí ọwọ́ ara tẹlifóònù kí aago dún. Tí mo bá ti gbọ́ aago, màá tan súìṣì."

"Tí mo bá fẹ́ sọ nǹkan míì ńkọ́?"

"Kí lo fẹ́ sọ lábẹ́ ayùn? Àlọ́?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe pa òfin àtijọ́ tì nìyẹn.

4.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, bẹ́líìtì ayùn yẹ̀, Suara sì wọ abẹ́ rẹ̀. Wahab dúró tì í. Wahab ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé aago nìkan ti di àṣẹ.

"Wahab, nọ́ọ̀tì yìí ti fọ́. Bá mi pe Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n mú òmíràn wá."

Suara fẹ́ kó fẹsẹ̀ lọ pè é ni, ṣùgbọ́n ìdí tẹlifóònù ni Wahab lọ, ó yí aago. Làsísì gbé tẹlifóònù, ó gbọ́ hùùùù, ó gbé e kalẹ̀. "Wọ́n ti parí," ló wí. Ó tan súìṣì.

Tẹlifóònù ṣì wà létí Wahab, ó ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" nígbà tí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Suara kò dé ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Fàúsát jókòó síwájú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Sàídátù, ṣé wọn ò pè yín ni?"

"Wọ́n pè."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Fàúsát mú Sàídátù ọmọ wọn, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò wá mọ́.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, mo bẹ̀ yín. Wáyà ńlá kò burú. Ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni Làsísì fà á sí. Bí iṣẹ́ yín bá ń kùn, ẹ tú u, ojú ìbáà tì yín. Ẹ má kọ́ àwọn èèyàn bí wọn yóò ṣe máa fara mọ́ àṣìṣe yín. Níbi tó bá sì jẹ́ pé ohùn èèyàn ló ń dá ẹ̀mí sí, ẹ má tan súìṣì láìgbọ́ ohùn náà.