Ínṣì Kan Àtààbọ̀

Télọ̀ náà kì í fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán. Àwọn télọ̀ yòókù máa ń ká ínṣì kan sínú, bóyá wọ́n á tú u lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ká àlékún sínú kò gba nọ́ńbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí aṣọ kan tó padà wá bá a.

Ẹni tó gbin ìgbàgbọ́ yìí sí i nínú ni Tíṣà Ìṣirò, tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní Fi-Iṣẹ́-Hàn-Mí, nítorí ohun tó máa ń fi yíǹkì pupa kọ sábẹ́ ìdáhùn tí kò ní àlàyé nìyẹn. Télọ̀ kò yege nínú ìṣirò rí. Ṣùgbọ́n Tíṣà jókòó tì í lẹ́yìn iléèwé, ó fi teèpù kọ́ ọ ní ìdajì àti ìdá mẹ́rin, títí ó fi yé e. Lẹ́yìn Ọlọ́run, òun ló sọ ọ́ di ẹni tó ń jẹun.

Ní ọdún yìí, Tíṣà fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi ọjọ́ Jimọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin sí i, iléèwé sì ra aṣọ tí wọ́n máa fi rán kóòtù àti ṣòkòtò fún un. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún, ọ̀gá iléèwé, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, fúnra rẹ̀ ló mú Tíṣà àti aṣọ náà wá.

"Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o," ó sọ fún Télọ̀. "Tí eléyìí bá dára, ẹ̀yin lẹ máa rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ. Òjìlúgba ni."

Òjìlúgba yunifọ́ọ̀mù ju iṣẹ́ ìdajì ọdún lọ. Télọ̀ wọn ìbàdí Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́ sínú ìwé: méjìdínlógójì.

Nígbà tí oṣù kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá wọ̀ ọ́ wò. Tíṣà bọ́ súwẹ́tà tó wọ̀ wá, ó wọ ṣòkòtò, ó sì dì í mú. Ó tóbi.

"Ṣé ẹlòmíràn náà máa wọlé tì í níbẹ̀ ni?" ni ọ̀gá iléèwé wí.

Télọ̀ tún ìbàdí Tíṣà wọ̀n. Mẹ́rìndínlógójì àtààbọ̀. Ojú tì í. Ó fi ìwé rẹ̀ han Tíṣà, bí ọmọ kíláàsì. Tíṣà wo nọ́ńbà méjèèjì pẹ́.

"Ìwọ lo ṣì í kọ," ó ní. Kò wo ojú rẹ̀. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Télọ̀ dín ṣòkòtò náà kù. Nígbà tí oṣù kẹta bẹ̀rẹ̀, ó tún tóbi. Teèpù sọ pé márùndínlógójì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì!" ni ọ̀gá iléèwé pariwo. "Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní ṣe irú ìyọkúrò yìí. Ẹ ti gé èyí bàjẹ́. Màá ra aṣọ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù fún yín."

"Ẹ má bínú, mà."

Bí wọ́n ti ń jáde, Tíṣà dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mí díẹ̀. "Má bínú sí mi," ó rọra sọ. Télọ̀ rò pé nítorí ẹnu ọ̀gá iléèwé ni.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ fojú han dókítà," ni ìyàwó Télọ̀ tó ń rán bọ́tìnì wí lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán.

"Kì í ṣe ojú. Orí ni."

"Ṣé dókítà kì í wo orí ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé síwájú ẹ̀rọ, ó gbàdúrà, ó bẹ Olúwa pé bí ẹ̀bùn náà bá ti kúrò lọ́wọ́ òun, kí Ó jẹ́ kí òun mọ ibi tó gbà jáde. Lẹ́yìn náà ó ṣe ìṣirò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣì í, ínṣì kan àtààbọ̀ sì ni nígbà méjèèjì. Àṣìṣe tí kì í yí padà ṣeé yọ kúrò. Tíṣà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò nínú márùndínlógójì. Ó gé aṣọ tuntun náà sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àtààbọ̀, kò ká ohunkóhun sínú.

Lọ́jọ́ kẹwàá ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé. Tíṣà wọ̀ ọ́ níwájú olùkọ́ mẹ́rin. Bọ́tìnì kò dé ojú ihò rẹ̀.

Ọ̀gá iléèwé yẹ inú ojú rírán wò, kò rí nǹkan kan tó ṣeé tú. "Yunifọ́ọ̀mù ti di ti ẹlòmíràn," ó ní. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ gbé e kọ́," ni Tíṣà wí. "Ó máa bá mi mu."

"Báwo? Ṣé ẹ fẹ́ gbààwẹ̀ ni?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jókòó.

Télọ̀ gba ẹ̀yìn iléèwé jáde kí àwọn ọmọ má baà rí i. Ní ọjọ́ Àìkú, ìjókòó ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sí. Nígbà tí wọ́n ní kó wá wọn àwọn akọrin fún aṣọ tuntun, ó ní òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ká teèpù, ó fi fún ìyàwó rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jimọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin, ṣòkòtò náà bá Tíṣà mu géérégé, kò fún un, kò tóbi, ọ̀gá iléèwé fúnra rẹ̀ ló sì de bọ́tìnì rẹ̀ fún un, kí wọ́n tó fi ìdérí bo pósí rẹ̀.