Orúkọ Tó Ń Tan Iná

Ní ọjọ́ kìíní tí mo fẹ́ ta ẹja sísun ní ìsọ̀ ìyàwó mi tó di olóògbé, ààrò rẹ̀ kọ̀, kò tàn. Òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sun nǹkan lẹ́bàá títì mọ́, àfi nínú ààrò aláìléèéfín tó mọ olówò rẹ̀, tí kì í tàn àyàfi tí a bá pe orúkọ tí olówò náà fi sí i.

"Ta ló ni mí?" ni ààrò náà bi mí.

"Ìyá Gbóyèga."

Kò tàn.

"Bàbá, ṣé tútù la máa jẹ ẹja ni?" oníbàárà kan bèèrè. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tí ìjọba rán wá yẹ ààrò wò kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, sà. Bí kò bá tàn kí n tó lọ, ẹlòmíràn la máa fún ní ìsọ̀ yìí."

Mo sọ orúkọ tó wà nínú ìwé ìyàwó mi, Fẹ́híntọ́lá. Kò tàn.

Ó ku oríkì rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nínú yàrá wa. Ojú tì mí níwájú èrò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rọra pè é.

"Àwẹ̀ró."

Irin ààrò pọ́n yòò.

Orúkọ tí èmi nìkan ń pè é ni ìyàwó mi fi sí i: èmi ló fi ààrò náà sílẹ̀ fún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ẹja àkọ́kọ́ lé iná.