Olórin Tí Ọláníyan Fẹ́ Gbé Níyàwó

Ọdún kejì òmìnira ni, ní Sakété. Àwo orin tí Mathias gbé ti Àjàṣẹ́ dé ń yí lórí giramafóònù Edwige, Françoise àti Ọláníyan sì jókòó tì í, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Bí àwo náà kò bá wu àwọn ará Sakété, oko rẹ̀ ní Takon ni Mathias ń padà sí.

"Obìnrin tó ń kọrin yìí ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé," ni Françoise wí.

"Ohùn ẹyẹ ẹ̀gà ni," Ọláníyan fèsì. "Màá fẹ́ ẹ."

Òógùn bo Mathias.

Edwige wo ẹ̀rọ náà fínnífínní. "Ẹ má bínú, mo jẹ́ kí ó yára jù."

Ó dín ìyára rẹ̀ kù. Ohùn ọkùnrin jáde, ó jinlẹ̀. Ohùn Mathias ni.

"Ẹ tún un gbé sí i," ni Françoise wí.

"Ọkọ mi," Mathias pe Ọláníyan, "ọjọ́ wo ni ìdána?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Mathias ló pẹ́ jù: kò gbọ́ ara rẹ̀ nínú àwo rí, ó ti rò pé bíi ti obìnrin yẹn ni òun ń dún lóòótọ́.