Ẹni Kẹwàá

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Làtíìfù ti ń tọ́jú sínágọ́gù àwọn Júù kan ní Peckham. Òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Òun náà ló ń tan iná fún wọn ní Sátidé, nítorí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ ìtàn ibẹ̀ dáadáa. Àwọn télọ̀ ló dá a sílẹ̀. Bọ́ǹbù wó apá kan rẹ̀ nígbà ogun, wọ́n sì tún un kọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ kó lọ sí àríwá London, tí àwọn àgbà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá tí wọn ò ti pé ẹni mẹ́wàá mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn àdúrà kan wà tí wọn kì í kà láìpé mẹ́wàá.

Ní Wẹ́sidé, Ìyá Agnes, akọ̀wé wọn, pè é.

"Làtíìfù, a nílò ẹni mẹ́wàá ní Sọ́ńdè. Mo ti rí mẹ́jọ, èmi ni ìkẹsàn-án. Bá mi bẹ Bàbá Lipman. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Wọn kì í gbé fóònù mi mọ́."

Inú Làtíìfù dùn débi pé kò bèèrè nǹkan kan.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó nu gbogbo àga, ó to wọ́n. Ẹ̀yìn ń ro ó. Ìyàwó rẹ̀, Mìsítúrà, pè é lórí fóònù.

"Daddy Yusrah, ẹ wá sinmi. Àbí wọ́n fẹ́ fi yín joyè níbẹ̀ ni?"

"Mo kàn fẹ́ kí wọ́n pé ni."

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní East Dulwich. Bàbá Lipman jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

"Agnes ló rán ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dá mi dúró."

Làtíìfù rò pé ìjà àtijọ́ kan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú sí wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pé lónìí."

"Ìwọ gan-an lo fẹ́ ẹ? Ìwọ, Làtíìfù?"

"Èmi gan-an, sà."

Bàbá Lipman wò ó pẹ́.

"Ó dáa. Ó ti rẹ gbogbo wa. Bá mi mú kóòtù mi."

Nígbà tí wọ́n wọ sínágọ́gù, gbogbo àwọn tó jókòó dìde. Ìyá Agnes di ọwọ́ Làtíìfù mú. Ó fi ojú kà wọ́n: mẹ́wàá. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé àdúrà.

Ìyá Agnes ka bébà kan tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹni mẹ́sàn-án, gbogbo wọn yàtọ̀ sí Bàbá Lipman, sì nawọ́ sókè pé kí wọ́n ti sínágọ́gù náà pa títí láé, ìpinnu tí òfin wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe láti ọdún mẹ́fà wá, nítorí pé wọn kò pé mẹ́wàá.