Ife Tí Kò Ní Èkejì

Ayàwòrán mẹ́ta ni wọ́n pè sí iṣẹ́ náà. Ìyàwó mú ẹni àkọ́kọ́ wá, ọkọ ní ojú ọ̀dàlẹ̀ ló ní. Ọkọ mú ìkejì wá, ìyàwó ní kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta nìkan ni àwọn méjèèjì gbà láìjiyàn, pé kò ní ṣègbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Tọkọtaya náà ń kọ ara wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gíláàsì ni ọkọ ti ń tà látìgbà èwe, ilé wọn sì kún fún un: ife, abọ́, jọ́ọ̀gì, ìgò òdòdó. Àwọn lọ́yà ní kí wọ́n ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó pín in, kí ẹnikẹ́ni má baà wí lọ́la pé wọ́n pààrọ̀ tòun. Pípín rẹ̀ kò ní wàhálà, nítorí méjì-méjì ni wọ́n. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra ni ìyàwó ti sọ pé ohun kan ṣoṣo nínú ilé, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọkọ bá ti ra ọ̀kan, á ra èkejì rẹ̀.

Ayàwòrán dé láàárọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ dúdú ló sì wọ̀ látòkè délẹ̀, nítorí ẹni tó bá wọ funfun níwájú gíláàsì yóò bá ara rẹ̀ nínú àwòrán. Ojú rẹ̀ gún régé, àfi àpá kékeré kan tó wà ní ètè òkè, lápá òsì. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibẹ̀ lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tí kò dọ́gba. Ó fo àtẹ̀gùn kẹta tó ti yẹ̀ láìwo ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ọkọ ní pálọ̀, ó lọ kúnlẹ̀ kí ìyàwó nílé ìdáná. Ìyàwó ní ó ti rù, kó kọ́kọ́ jẹun. Ó ní kí Màmá jẹ́ kóun ṣiṣẹ́ ná.

Ó ta aṣọ funfun sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀. Ó gbé páálí dúdú sọ́tùn-ún àti sósì kí etí gíláàsì lè yọ, ó wọ ìbọ̀wọ́ kí àmì ìka má baà hàn lára wọn. Ó gbé ife méjì síwájú, ó ń sún wọn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ kìíní fi bá ìkejì mu délẹ̀. Bó ṣe ń yà á ni wọ́n ń dì í: ọ̀kan sí páálí ọkọ, ọ̀kan sí páálí ìyàwó.

Àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ayàwòrán ni wọ́n ń rán. Ìyàwó ní kó sọ fún bàbá yẹn pé kó rọra dì í. Ọkọ ní kó sọ fún màmá yẹn pé òun ti ń di gíláàsì kí àwọn tó mọra. Ìyàwó ní òun mọ̀, òun ṣáà ló máa ń gbá àfọ́kù rẹ̀. Ayàwòrán ń jíṣẹ́, ó sì ń bomi tútù sí i kó tó jẹ́ ẹ. Kò fẹ́ kí páálí wọ̀nyẹn kún. Ohun tó yẹ kó yà lẹ́ẹ̀kan, ó ń yà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ti yẹ̀, ó ní eruku wà.

Lọ́sàn-án, ó kan jọ́ọ̀gì ńlá méjì. Ọkọ dúró lọ́tùn-ún, ìyàwó lósì, òjìji àwọn méjèèjì sì wọnú gíláàsì. Ó yẹ kó ní kí wọ́n sún. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yà á, ó pè wọ́n wá wò ó. Nínú jọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, àgbà ọkùnrin kan àti àgbà obìnrin kan kọjú síra wọn, àwọn méjèèjì káwọ́ sẹ́yìn bákan náà.

"Orí yín ti pá tán," ni ìyàwó wí. Ọkọ ló ń bá sọ̀rọ̀, ní tààrà.

"Ìwọ náà ti hewú."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán di kámẹ́rà mú ṣinṣin.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó fi etí aṣọ nujú. "Pa á rẹ́," ló wí. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Ọkọ ní bẹ́ẹ̀ ni, kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó dùn ún wọra, àmọ́ ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣófo, àfi ife kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá, irú èyí tí ọmọdé fi ń mu omi. Ẹyọ kan ni. Etí rẹ̀ ti kán díẹ̀ lápá kan. Ayàwòrán gbé e sáàárín aṣọ funfun, kò sí ohun tí yóò gbé tì í.

"Ta ló ni èyí?" ló bi wọ́n.

Ọkọ wolẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún ìyàwó, ìyàwó ló máa ń bu omi sí i. Ìyàwó ní kí bàbá mú un, bàbá ló rà á. Òun kò lè máa rí i lójoojúmọ́ nínú ilé tó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ náà bọ́ síta, kò wẹ̀yìn. Ohun tí ìwé àwọn lọ́yà sì wí ni pé èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà, kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Ayàwòrán ya ife náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé ibi tó kán náà kan àpá ètè rẹ̀, níbi tó ti gé e nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó sì dì í sínú àpò ara rẹ̀, nítorí nínú gbogbo ohun tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ ní, òun àti ife náà nìkan ni kò ní èkejì.