Eégbọn Inú Etí Àgbọ̀nrín

Àlọ́ mi fò, kò bà lé igi, kò bà lé òpó. Inú etí Àgbọ̀nrín ló bà sí, níbi tí Eégbọn ń gbé.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, odò kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ń mu omi tó tòrò; ẹrọ̀fọ̀ ni ẹni ẹ̀yìn ń mu. Eégbọn ló ń kọ́kọ́ dé lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àgbọ̀nrín dúró jẹ ewé lẹ́nu ọ̀nà Ìgbín. Eégbọn nahùn látinú etí rẹ̀.

"Ìgbín, o ò tíì gbéra? Ọ̀lẹ ló ń dà ọ́ láàmú. Èmi kì í sùn jù."

Òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ Ìgbín. Ó ní, "Bàbá Eégbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ kọ́ wa ní ìrìn." Ó dá orin, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbè é:

Eégbọn, ẹsẹ̀ ta lo fi ń rìn?
— Rìn díẹ̀ ká wò.
Ilẹ̀ ò mọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ.
— Rìn díẹ̀ ká wò.

Inú bí Eégbọn, ó bẹ́ sílẹ̀. Àgbọ̀nrín kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà létí òun tẹ́lẹ̀. Ó bẹ́ gìjà, ó lọ.

Nígbà tí Ìgbín àtàwọn ọmọ rẹ̀ mu ẹrọ̀fọ̀ wọn tán tí wọ́n padà dé, Eégbọn kò tíì kọjá ìdí igi àkọ́kọ́.

Ìgbín bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti lọ, ẹ ti bọ̀ ni?"

Eégbọn nu òógùn. "Ta ló fa ọ̀nà yìí gùn? Lánàá kò rí báyìí!"

Èmi ti délé. Òun ṣì ń bú ọ̀nà.